Ìtọ́sọ́nà fún Títún Ilé Onípákó Àtijọ́ Ṣe ní New Orleans àti fún Gbígbé Inú Rẹ̀

Ilé tí ìtọ́sọ́nà yìí dá lé lórí kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Bí ẹ bá dúró sí ojú títì ní àdúgbò Tremé tàbí Bywater ní ìlú New Orleans, ẹ ó rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan, àtẹ̀gùn bíi mẹ́rin, ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé kan. Bí wọ́n bá sì ṣí gbogbo ilẹ̀kùn inú rẹ̀ sílẹ̀, ojú yín á là á já láti iwájú títí dé ẹ̀yìnkùlé, nítorí pé yàrá ń wọ inú yàrá ni, kò sí ọ̀nà kankan tí ó yà wọ́n. Shotgun house ni àwọn ará ìlú náà ń pè é. Ìbú rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ. Bí wọ́n bá so méjì pọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, double ni ó ń jẹ́. Bí wọ́n bá sì kọ́ òkè lé ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan, wọ́n á pè é ní camelback, ìyẹn ẹ̀yìn ràkúnmí.

Mo kọ èyí fún àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀, tí ọkàn wọn sì fà sí i, ṣùgbọ́n tí àwọn ará ilé ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá nínú ilé pákó. Nígbà tí mo fi fọ́tò tèmi ránṣẹ́ sílé, ìyá mi béèrè lórí fóònù bóyá Makoko ni mo kó lọ. Mi ò bá a jiyàn. Ní Èkó, ẹni tí kò rówó kọ́ ilé bíríkì ni ó ń gbé ilé pákó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí fún àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ilé wọ̀nyí láti ìgbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865 títí di bí ọdún 1920 sí 1930. Inú ilé oníyàrá méjì irú rẹ̀, ní Tupelo ní Mississippi, ni wọ́n ti bí Elvis Presley, gbajúgbajà olórin, ní 1935, bàbá rẹ̀ sì ti yá dọ́là 180 láti fi kọ́ ọ.

Síbẹ̀, ilé yìí lè má jẹ́ àjèjì sí wa. Láàárín 1809 sí 1810, àwọn bíi 9,000 ènìyàn tí ogun òmìnira Háítì ti lé kúrò nílé, tí wọ́n sì ti kọ́kọ́ sá sí Kúbà, wọ ọkọ̀ ojú omi dé New Orleans, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára wọn, ẹrú àti ẹni òmìnira, sì ju ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn lọ. Ní 1976, John Michael Vlach, onímọ̀ nípa àṣà ìbílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé láti Háítì ni ìrísí ilé náà ti wá, ó sì tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ilé oníyàrá méjì ti àwọn Yorùbá. Àwọn mìíràn kò gbà, wọ́n ní ilẹ̀ tóóró tí wọ́n ń gé tà nínú ìlú ni ó fà á. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ Vlach lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò bá wọn lọ́wọ́ sí ìtàn tí àwọn kan ń sọ kiri pé orúkọ shotgun náà jáde láti inú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa kan tí ó túmọ̀ sí ilé Ọlọ́run. Ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé a kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dé òpin: ilé yìí ń mí. Afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń gba inú ògiri rẹ̀, ó ń gba orí àjà rẹ̀ tí ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 11 lọ. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbàjẹ́ tí mo ti rí, ọwọ́ àwọn tí wọ́n fún ilé náà lọ́rùn nítorí pé wọ́n fẹ́ kí ó dà bí ilé tuntun ni ó ti wá.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ lọ wo ilé náà nígbà tí òjò bá ń rọ̀

Òjò tí ń rọ̀ ní New Orleans lọ́dún kan ju 60 ínǹṣì lọ, nítorí náà ẹ kò ní dúró pẹ́ kí ẹ tó rí èyí tí ẹ máa fi dán ilé wò. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ kékeré kan, ìwé àti kálámù, àti ọsàn kan. Ẹ dúró síta kí ẹ wo ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí, bóyá ó ń ṣàn kúrò lọ́dọ̀ ilé tàbí ó ń wọ abẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọlé, kí ẹ gbé ọsàn náà sílẹ̀ láàárín yàrá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fa ọfà sínú ìwé yín láti fi hàn ibi tí ó yí lọ. Bí ọsàn ti yàrá iwájú àti ti yàrá ìdáná bá ń yí lọ sí igun kan náà, òpó tí ó wà lábẹ́ igun náà ti rì nìyẹn.

Ẹ kò gbọdọ̀ ṣojo láti wọ abẹ́ ilé. Wọ́n gbé irú ilé yìí lé orí òpó bíríkì tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà ẹni tí ó bá lè rákò lè wọ ibẹ̀. Ẹ ti orí ọ̀bẹ bọ igi ńlá tí ògiri jókòó lé, pàápàá lábẹ́ ilé ìwẹ̀ àti lábẹ́ yàrá ìdáná, níbi tí páìpù ti ń jò. Bí igi bá kọ̀ fún ọ̀bẹ, ó dára. Bí ọ̀bẹ bá wọlé bí ìgbà tí a gún ẹ̀kọ tútù, igi ti rà, ẹ kọ ibẹ̀ sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ìwé àṣẹ, àti òjé inú ọ̀dà

Bí ilé bá wà ní àdúgbò tí ìlú ti kà sí àdúgbò àtijọ́, ẹ kò lè yí ilẹ̀kùn, fèrèsé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta padà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Historic District Landmarks Commission. Inú ilé kò kàn wọ́n, ìta ni tiwọn. Àdúgbò French Quarter ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, òfin tibẹ̀ sì le jù. Àṣẹ iná, ti páìpù àti ti ìkọ́lé jẹ́ ọ̀tọ̀, ọ́fíìsì mìíràn ni wọ́n ti ń gbà á. Bí ẹ bá ra double tí ẹ sì fẹ́ fi apá kan háyà, ẹ bi oníṣirò owó yín nípa ẹ̀dínwó owó orí 20 nínú ọgọ́rùn-ún tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn tí ń tún ilé àtijọ́ tí ń mówó wọlé ṣe, kí ẹ sì bi í kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilé tí ẹ̀yin fúnra yín ń gbé kò sí nínú ẹ̀dínwó náà.

Ọ̀ràn òjé, ìyẹn lead, irin onímájèlé tí wọ́n máa ń pò mọ́ ọ̀dà nígbà kan rí, ni kí ẹ fi ọwọ́ tó nípọn mú. Ní 1978 ni Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé gbígbé, nítorí náà ilé tí wọ́n kọ́ ní 1890 lè ní ọ̀dà bẹ́ẹ̀ ní ìpele mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, ọ̀kan lórí èkejì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó fi ohun tí a fi ń họ ọ̀dà kàn án. Láti 2010, dandan ni kí oníṣẹ́ tí ẹ bá gbà, tí yóò fọwọ́ kan ohun tí ó ju ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 6 (square feet) lọ nínú yàrá kan, tàbí 20 ní ìta, ní ìwé ẹ̀rí pé ó mọ bí a ṣe ń ṣe é láìséwu. Òfin náà kò mú onílé tí ń fọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé tirẹ̀, ṣùgbọ́n òjé kò mọ onílé yàtọ̀ sí oníṣẹ́. Ẹ tẹ́ ọ̀rá sílẹ̀, ẹ fi omi rin ọ̀dà kí ẹ tó họ ọ́, ẹ má fi sáǹpépà họ ọ́ ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná jó o láé. Kí àwọn ọmọdé àti aláboyún máa gbé níbòmíràn títí iṣẹ́ náà yóò fi parí. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà bá ti ń gbé inú ilé náà tẹ́lẹ̀, ẹ mú un lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ lé omi jáde

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ ni omi ń ṣe wọ ilé pákó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Ẹ wo ibi tí páànù tí wọ́n fi yí ẹsẹ̀ ṣímínì ká ti ṣí, nítorí ibẹ̀ ni ó máa ń jò jù lọ, kì í ṣe àárín òrùlé. Ẹ tún gọ́tà ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ da omi sí ibi tí ó jìnnà sí òpó. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sílẹ̀: ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé gbọ́dọ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ lọ síta. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń ṣe ni pé wọ́n á kó erùpẹ̀ òdòdó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́dọọdún títí erùpẹ̀ yóò fi kan pákó, tí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ abẹ́ ilé yóò sì dí. Ẹ kó o kúrò. Ẹ má sì kun ilé tàbí kí ẹ tẹ́ ohunkóhun sílẹ̀ kí ìgbésẹ̀ yìí tó parí.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Òpó, lime, àti ikán

Ọdún tí mo kọ́kọ́ ra ilé, mo ra sìmẹ́ǹtì ní ṣọ́ọ̀bù bí mo ṣe máa ń rí i tí àwọn bíríkìlà ń ṣe nílé, mo sì fi dí àárín bíríkì òpó mẹ́fà tí amọ̀ wọn ti jẹ dànù. Ó dán, ó le bí òkúta, inú mi dùn. Kí ọdún kejì tó parí, ojú àwọn bíríkì náà ti ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja, ẹ̀rún pupa sì kún ilẹ̀ lábẹ́ wọn. Èmi ni mo ba ohun tí ó ti dúró fún ọgọ́rùn-ún ọdún jẹ́ ní ọ̀sán Sátidé kan.

Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: bíríkì àtijọ́ rọ̀, ó ń fa omi láti ilẹ̀, omi náà sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà jáde. Nígbà tí ohun tí ó wà láàárín bíríkì bá rọ̀ jù bíríkì lọ, ibẹ̀ ni omi máa ń gbà jáde, òun náà ni ó máa ń jẹ dànù, a ó sì tún un dí lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Nígbà tí a bá fi sìmẹ́ǹtì dí i, omi á há sínú bíríkì, bíríkì fúnra rẹ̀ ni yóò sì bó. Lime ni kí ẹ lò, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá fi iná sun òkúta ẹfun. Ẹ po ìwọ̀n lime kan mọ́ ìwọ̀n iyanrìn mẹ́ta. Ẹ fi ọwọ́ àti irinṣẹ́ tín-ín-rín yọ àlòkù jáde, kí jíjìn rẹ̀ jẹ́ bí ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ìbú àlàfo náà. Ẹ má lo ẹ̀rọ ìgékòńkéré, yóò gé etí bíríkì. Ẹ fi omi rin bíríkì, ẹ tẹ lime wọlé ní ìpele ìpele, ẹ sì fi àpò ọ̀gbọ̀ tútù bò ó fún ọjọ́ díẹ̀, nítorí pé lime tí ó bá gbẹ kíákíá á di eruku.

Bí òpó bá ti rì, ẹ má fi jáàkì gbé ilé náà sókè fúnra yín. Ẹ gba àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé e díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ilé tí ó ti fì fún 60 ọdún tí a bá gbé dọ́gba ní òwúrọ̀ kan, gbogbo àjà rẹ̀ ni yóò fọ́, ilẹ̀kùn kankan kò sì ní pa dé mọ́. Lójú tèmi, ìfìsẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kò ju ínǹṣì kan lọ kò yẹ kí ẹ náwó lé lórí.

Nípa ti ikán, èyí tí wọ́n ń pè ní Formosan ni kí ẹ bẹ̀rù. Inú àpótí ẹrù àwọn ológun tí ń ti ìlà oòrùn Éṣíà bọ̀ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni ó gbà wọ ìlú náà, agbo rẹ̀ kan sì lè ní ikán tí ó tó mílíọ̀nù. Ní oṣù kárùn-ún, ní alẹ́ tí ó móoru, wọ́n máa ń fò jáde bo gbogbo iná títì. Nílé, abọ́ omi ni ọmọdé máa ń gbé sábẹ́ iná láti kó èsúnsún fún yíyan. Ní New Orleans, àwọn ènìyàn á pa iná ilé wọn, wọ́n á sì jókòó sínú òkùnkùn. Ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ òpó lóṣooṣù bóyá ẹ ó rí ọ̀nà ẹrẹ̀ tóóró tí ó ń gòkè. Ẹ fọ́ díẹ̀ lára rẹ̀: bí wọ́n bá tún un mọ ní ọjọ́ kejì, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, ẹ pe àwọn apakòkòrò.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Pákó

Igi tí wọ́n fi kọ́ ilé wọ̀nyí kò sí lọ́jà mọ́. Cypress tí ó ti dàgbà nínú irà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni, tàbí ọkàn igi pine tí epo rẹ̀ pọ̀ débi pé ìṣó á tẹ̀ kí ó tó wọ̀ ọ́. Nínú àwọn ilé tí ó dàgbà jù, ẹ tilẹ̀ lè bá ògiri tí wọ́n fi pákó ọkọ̀ ojú omi ṣe. Àwọn oníṣòwò máa ń fi ọkọ̀ olójú pẹrẹsẹ kó ẹrù wá láti òkè odò Mississippi, wọn kò sì lè wa ọkọ̀ náà padà ní ìdojúkọ omi, nítorí náà wọ́n á tú u, wọ́n á sì ta pákó rẹ̀. Ihò tí wọ́n ti gbá èèkàn igi sí ṣì máa ń hàn lára rẹ̀.

Nítorí èyí, ẹ má jẹ́ kí káfíńtà kankan sọ fún yín pé kí ẹ ya gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ gé apá tí ó ti rà nìkan títí ẹ ó fi kan igi tí ara rẹ̀ yá, kí ẹ sì lẹ igi irú kan náà mọ́ ọn, kí ojú igi méjèèjì dọ́gba. Ẹ máa ra pákó lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun tí wọ́n tú lára ilé tí ó wó, nítorí pine tuntun tí ẹ bá fi sáàárín cypress àtijọ́, òun ni omi àti ikán máa kọ́kọ́ jẹ. Ẹ kun ẹ̀yìn pákó àti orí rẹ̀ tí ẹ gé kí ẹ tó kàn án mọ́ ògiri. Orí tí a gé yìí ni omi máa ń gbà wọlé, òun gan-an sì ni àwọn oníṣẹ́ máa ń gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Fèrèsé

Bí ẹ kò bá ní àyè láti ṣe ju ohun kan lọ fúnra yín, fèrèsé ni kí ẹ ṣe. Àwọn tí ń ta fèrèsé oníke yóò kan ilẹ̀kùn yín, wọn yóò sì sọ pé tàtijọ́ kò wúlò mọ́. Ọ̀rọ̀ ajé ni wọ́n ń sọ. Fèrèsé oníke tí ó bá bàjẹ́, jíjù ni. Èyí tí ó wà lára ilé yín, ọmọdé tí ó ní sùúrù lè kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe.

Fèrèsé náà ní abala méjì tí ń yọ́ lọ sókè sódò. Okùn òwú kan so ìhà kọ̀ọ̀kan abala mọ́ irin wúwo kan tí ó fi ara pamọ́ sínú férémù, tí okùn náà sì gba orí àgbá kékeré kan tí ń yí kọjá. Bí abala bá ń gòkè, irin ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá gbé fèrèsé sókè tí ó sì já lulẹ̀, okùn ti já. Bí kò bá tilẹ̀ mira, ọ̀dà ni ó lẹ̀ ẹ́ pa.

Ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la ọ̀dà náà yípo, ní inú àti ní ìta, láìkánjú. Ẹ yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó di abala ìsàlẹ̀ mú nínú ilé. Bí ẹ bá rọra ti ọ̀bẹ bọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti àárín, yóò tẹ̀ bí ọrun, yóò sì jáde láìṣẹ́. Ẹ fa abala ìsàlẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ tú okùn rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Ní ìsàlẹ̀ férémù, ẹ ó rí ojú pákó kékeré kan tí ìṣó onísúkúrù kan dì mú, tí ọ̀dà ti bò: ilẹ̀kùn ibi tí irin wà nìyẹn. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí i, irin náà dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n okùn bí ìka mẹ́ta lọ́rùn rẹ̀, eruku dúdú sì bò ó mọ́lẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, mo sì tún un gbé síbẹ̀.

Ẹ so ìṣó kékeré kan mọ́ orí òwú, ẹ jẹ́ kí ó gba orí àgbá wọ inú férémù títí ẹ ó fi mú un ní ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, kí ẹ fi òwú náà fa okùn tuntun wọlé, kí ẹ sì so ó mọ́ irin. Ẹ má gé okùn náà kí ẹ tó gbé abala sókè pátápátá láti rí i pé irin kò kan ilẹ̀. Irin méjèèjì ti abala ìsàlẹ̀ yẹ kí wọ́n fi díẹ̀ fúyẹ́ ju abala náà lọ, kí ó lè jókòó dáadáa nígbà tí ẹ bá tì í. Ti abala òkè yẹ kí wọ́n fi díẹ̀ wúwo ju tirẹ̀ lọ, kí ó má baà máa yọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Bí putty tí ó di gíláàsì mú bá ti sán, ẹ fi ooru tí kò lágbára rọ̀ ọ́, ẹ yọ ọ́, ẹ kun ojú igi náà ní òróró linseed, nítorí igi gbígbẹ á fa òróró inú putty tuntun mu, yóò sì tún sán. Ẹ tẹ́ putty fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀, ẹ gbé gíláàsì lé e, ẹ fi àwọn ìṣó pẹlẹbẹ kéékèèké mú un, kí ẹ tó wá fi putty òde parí rẹ̀. Ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kí ojú rẹ̀ tó dì. Nígbà tí ẹ bá ń kùn ún, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà fi bí ìbú okùn abẹ́rẹ́ wọ orí gíláàsì, kí omi má rí àlàfo. Ẹ má pààrọ̀ gíláàsì tí kò bá fọ́. Gíláàsì àtijọ́ náà rí wúruwùru díẹ̀, bí ẹni ń gba inú odò wo ìta. Bí oòrùn bá ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ á máa gbọ̀n lára ògiri.

Ìgbésẹ̀ keje: Iná, ooru, àti ọ̀dà ìparí

Wáyà àtijọ́ tí wọ́n nà gba orí ṣéramíìkì kéékèèké, oníṣẹ́ iná tí ó níwèé àṣẹ nìkan ni kí ó fọwọ́ kàn án, àwọn oníìdójútòfò pàápàá kì í fẹ́ gba ilé tí ó ní i. Ọ̀rọ̀ páìpù kò gba àlàyé: ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ooru ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ohun tí ń dá ooru dúró sí orí àjà, ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà wọlé jù lọ. Ẹ má fún fóòmù sínú ògiri pákó, ẹ má sì fi ọ̀rá bo inú ògiri kí ẹ tó kàn ojú rẹ̀. Ní ìlú olóoru tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin, ọ̀rinrin ń rìn láti ìta wá sí inú tí ẹ̀rọ amúlétutù ti mú tutù. Bí ó bá bá ọ̀rá pàdé lójú ọ̀nà, á di omi níbẹ̀, pákó á bẹ̀rẹ̀ sí í bu, ẹ kò sì ní mọ̀ títí yóò fi rùn. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí ẹ mú yàrá tutù bí ilé ìtajà ẹran.

Ọ̀dà ni ó gbẹ̀yìn, ẹ kun èyí tí ó wù yín.

Gbígbé inú rẹ̀

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àlejò máa ń béèrè ni báwo ni ẹnìkan ṣe ń sùn nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ń gba yàrá rẹ̀ kọjá lọ sí ilé ìdáná. Ìdáhùn wà nínú ètò. Ẹ fi yàrá iwájú ṣe pálọ̀, ẹ fi èyí tí ó tẹ̀ lé e ṣe ibi ìjẹun, kí yàrá ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà ní ẹ̀yìn bí wọ́n ti wà, kí yàrá ìbùsùn sì wà láàárín, pẹ̀lú ibùsùn ní ẹ̀gbẹ́ ògiri kan ṣoṣo kí ọ̀nà lè dúró ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tí ó bá dàgbà nínú ilé tí àbúrò mẹ́ta ti ń sùn sórí ẹní kan kò ní rí i bí ìyà. Ohun tí ó le ni pé kò sí ibi tí ẹ ó kó ẹrù sí. Àjà ga; ẹ kan pẹpẹ sókè lókè ilẹ̀kùn.

Ní ọ̀sán, ẹ sọ abala òkè fèrèsé kalẹ̀, ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ sókè díẹ̀: afẹ́fẹ́ gbígbóná á gba òkè jáde, tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ẹ ṣí àwọn fèrèsé kékeré tí ó wà lórí ilẹ̀kùn inú. Láti oṣù kẹta títí di oṣù karùn-ún, ẹ lè máà tan ẹ̀rọ amúlétutù rárá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú jẹ́ yàrá kan gidi, ẹ má fi ṣe ibi ìkó-páálí-sí. Lálẹ́, ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò máa ń jókòó, ẹni tí ó bá sì ń kọjá lọ lójú títì yóò kí yín, ẹ ó sì dá a lóhùn. Ẹni tí kò bá kí ènìyàn, wọn yóò sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní etíkun South Carolina àti Georgia, àwọn Gullah Geechee, ìyẹn àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà, máa ń kun àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn ní àwọ̀ ojú ọ̀run kí ẹ̀mí àìrí má baà wọlé, aró ni wọ́n sì fi ń ṣe é nígbà kan rí, irú aró tí àwọn aláró Abẹ́òkúta ń rẹ adìrẹ sí. A kò gbọdọ̀ tìtorí èyí sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti kọ́ ọ, àmọ́ àwọ̀ náà dára lórí pákó, mo sì kun tèmi bẹ́ẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ àgbà dúdú ní gúúsù kì í fẹ́ koríko níwájú ilé. Erùpẹ̀ lásán ni wọ́n ń fẹ́, tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ igi tí wọ́n so pọ̀ gbá láàárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi dán, kí ejò má rí ibi sá sí, kí iná má sì rí ohun ràn. Ìyá mi, tí ó bi mí nípa Makoko, dé ní oṣù kẹwàá. Ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. Ó ti gbá gbogbo rẹ̀, ó ti kó ewé jọ sí igun kan, ó sì ń bi mí pé ta ni ó fi erùpẹ̀ kan ògiri ní ẹ̀gbẹ́ yẹn.